Kí ọdẹ àti apẹja kọ́kọ́ jókòó: èsì fún àbúrò tó béèrè nípa igbó etí odò ìlú ẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ìlú kékeré kan létí odò tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀bọ máa ń wá títí dé ẹ̀yìn ilé ìwé wa, ọ̀nì wà nínú ibú, ẹja pọ̀. Ní báyìí wọ́n ti ń dáko kan omi, àwọn kan ń da oògùn Gamalin sódò, àwọn agẹdú náà ti dé. A fẹ́ gbé sáìnbọ́ọ̀dù síbẹ̀, ká fòfin dè é, ká sì máa mú ẹnikẹ́ni tó bá ṣọdẹ níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Kí lẹ rí sí i? Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Àbúrò mi, o kú ìfẹ́ ìlú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìbéèrè ẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì yìí, torí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an ni. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹ̀yin ará ìlú fúnra yín lẹ dìde, kì í ṣe pé ẹnì kan gbé mọ́tò láti Èkó tàbí Abuja wá bá yín. Àmọ́ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí ẹ̀rù ti bà mí: ẹ má tíì gbé sáìnbọ́ọ̀dù kankan, ẹ má sì tíì mú ẹnikẹ́ni lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ó lè dé orí ìyẹn tó bá yá o, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa pàdánù odò yẹn.

Mo ti rí i rí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn a bá ìlú kan ṣiṣẹ́ létí odò, mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ibẹ̀ gbóná bíi tiyín, wọ́n kọ "Ẹ má ṣọdẹ níbí" sórí páànù ńlá, wọ́n kàn án mọ́ igi, kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n fi mú ọmọkùnrin kan tó gbé ọ̀bọ méjì sẹ́yìn ọ̀kadà, ọmọ náà sùn sí àtìmọ́lé ọjọ́ méjì. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ béèrè pé ọmọ ta ni. Ọmọ-ọmọ Olúọdẹ ìlú ni. Agbo ilé náà ò jà, wọn ò pariwo, wọn ò kàn wá sípàdé mọ́ ni, bẹ́ẹ̀ àwọn ló mọ gbogbo ojú ọ̀nà tó wọ igbó yẹn, àwọn ló mọ ibi tí ẹranko ti ń mumi àti ibi tí àwọn àlejò tó ń ṣọdẹ lóru máa ń gbà wọlé. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú tí omi fà, ẹnì kan lọ da Gamalin sí ibú tí a ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn, kò sẹ́ni tó rí i, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó ṣe é.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo débẹ̀. Omi mọ́ kedere, mi ò gbọ́ òórùn kankan, ìyẹn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ló ti kú ṣáájú, àwọn tí ò ju ìka ọwọ́ lọ, wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko, ikùn wọn wà lókè, funfun báláú bí ìgbà tí èèyàn da àgbàdo sójú omi. Àwọn àrọ̀ ńlá ṣì ń jà, wọ́n ń fì sọ́tùn-ún sósì bí ọ̀mùtí, wọ́n ń la ẹnu sókè. Akèrè kú, alákàn kú, edé kú, kódà àwọn kòkòrò tó máa ń sáré lórí omi ò sí mọ́. Mo ṣì ń wò bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ kéékèèké dé pẹ̀lú agbọ̀n, wọ́n ń ṣa ẹja, wọ́n fẹ́ lọ yan án tà lọ́jà. A gbà á lọ́wọ́ wọn, a sì gbẹ́ ilẹ̀ sin ín, àmọ́ mi ò lè sọ iye tó ti lọ kí a tó dé.

Gamalin tí à ń sọ yìí, oògùn tí wọ́n ṣe fún kòkòrò tó ń ba kòkó jẹ́ ni, lindane ló wà nínú ẹ̀, kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀ àti nínú ọ̀rá ara ohun abẹ̀mí, ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi fi sínú àdéhùn Stockholm lọ́dún 2009 pé kí wọ́n dẹ́kun lílò ẹ̀. Ẹni tó dà á sódò kó ẹja ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ó ti pa ọmọ ẹja, ó ti pa ohun tí ọmọ ẹja ń jẹ, ọdún méjì mẹ́ta lẹ́yìn náà àwọ̀n tiẹ̀ náà á máa gòkè lófìfo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà sọ ọ́ nìyẹn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀wọ̀n.

Ìdí tí mo fi sọ gbogbo èyí ni pé ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó o mú nínú èsì mi: odò kì í ní ìṣọ́ tó dà bí ti àwọn tó ń jẹun lórí ẹ̀, torí náà ọdẹ, apẹja àti àwọn ìyá tó ń já ewé nínú igbó yẹn ló yẹ kó jókòó ṣáájú, kí òfin ti ẹnu wọn jáde. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó lọ sí yunifásítì lẹ gbé òfin wá, òfin yín lójú wọn ni, wọ́n á sì máa wá ọ̀nà gba ẹ̀yìn ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìtàn tẹ́ ẹ máa fi ṣí ìpàdé wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láròóyè àti Tìmẹ́hìn tó jẹ́ ọdẹ ń ṣán igbó létí odò, igi kan wó lu omi, ni ohùn bá jáde látinú odò pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Ìyẹn ni wọ́n ní Òṣogbo ti gba orúkọ ẹ̀. Gbogbo wa la máa ń sọ ìtàn yẹn bí ìtàn òrìṣà nìkan, àmọ́ ẹ tún un gbọ́ dáadáa: ìjà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú yẹn àti odò ẹ̀, ìjà igi gígé ni. Bí wọ́n sì ṣe parí ẹ̀ ni pé ìlú sún sẹ́yìn kúrò létí omi, odò náà ṣèlérí pé òun á dáàbò bò wọ́n. Àdéhùn ni, ẹnì kan fi nǹkan sílẹ̀, ẹnì kejì náà fi nǹkan sílẹ̀. Tó o bá sọ ọ́ báyìí níwájú àwọn àgbà, wàá rí i pé wọ́n á máa mi orí, torí ọ̀rọ̀ ilé wọn ni.

Igbó Ọ̀ṣun yẹn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ o. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ń pẹja níbẹ̀, wọ́n ń ṣọdẹ, wọ́n ń gé igi, àwọn ojúbọ ń wó. Susanne Wenger tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì máa ń dá tọ́ka sí, ó sì tọ́ sí i, àmọ́ òun nìkan kọ́ o, àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú ló bá a ṣe é, àwọn olórìṣà àti ààfin wà lẹ́yìn wọn. Lọ́dún 1965 ìjọba kéde apá kan igbó náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, lọ́dún 2005 UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ mọ́ Ogún Àgbáyé. Gbogbo ẹ̀ ò ju hẹ́kítà 75 lọ, ìlú ńlá sì yí i ká, síbẹ̀ tó o bá dé etí omi níbẹ̀ lónìí, ọ̀bọ á máa fò lórí ẹ báyìí, wọn ò sì ní sá. Nítorí náà tí ẹnì kan nínú yín bá ń sọ pé igbó tiyín ti kéré jù, pé kí ni ẹ fẹ́ ṣọ́ nínú ẹ̀, ẹ sọ iye hẹ́kítà yẹn fún un.

Ó dáa, ìpàdé wá ń kọ́. Kí ìwọ àti ẹni méjì péré kọ́kọ́ lọ kí Baálẹ̀, lẹ́yìn náà Olúọdẹ, lẹ́yìn náà olórí àwọn apẹja, lẹ́yìn náà Ìyálọ́jà, ní ilé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó di pé ẹ pe ìpàdé ńlá kankan. Ẹ má gbé bébà dání. Ẹ ní kí Olúọdẹ sọ àwọn ẹranko tó wà níbẹ̀ nígbà èwe ẹ̀ àti èyí tó kù. Nílùú kan tí a ti ṣe báyìí, bàbá ọdẹ kan mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ ó fi ya odò sórí iyẹ̀pẹ̀ ní iwájú ilé ẹ̀, ó fi òkúta sàmì sí gbogbo ibi tí ọ̀nì ti ń sá oòrùn, ó fi ewé sí ibi tí ìgalà ti ń mumi, nígbà tó dé ibì kan ó di òkúta náà mú lọ́wọ́, kò gbé e sílẹ̀, ó ní "èyí, èmi ni mo pa ìkẹyìn ibẹ̀." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílùú náà, òun ló sì padà di olórí àwọn tó ń ṣọ́ igbó wọn.

Kì í ṣe ìlú yẹn nìkan. Wo igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti 1925, tí UNESCO sì fi sára àwọn ibi tí wọ́n ń pè ní biosphere reserve, ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ igbó àti ẹranko tí èèyàn sì tún ń gbé, lọ́dún 1977, igbó tí erin ṣì wà nínú ẹ̀ láìjìnnà sí Èkó. Lára àwọn tó ń ṣọ́ igbó yẹn lónìí, ọdẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti fi ogún ọdún tọpa ẹranko, kò sí bí ẹsẹ̀ kan ṣe lè kọjá lórí ewé kó má mọ̀. Ohun tó sì ń yọ igbó Ọmọ lẹ́nu jù kì í ṣe ìbọn nìkan, oko kòkó tó ń wọnú igbó díẹ̀díẹ̀ àti àwọn agẹdú ni, bíi tiyín gẹ́lẹ́.

Òfin àkọ́kọ́ tí màá dábàá, kí ó kéré, kí ó sì jẹ́ èyí tí èrè ẹ̀ máa tètè hàn. Ẹ má sọ pé gbogbo odò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ mú ibú kan, ibi tí omi kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, pẹ̀lú igbó tó wà lọ́tùn-ún lósì ẹ̀, kí gbogbo ìlú mọ ààlà ẹ̀ láti igi báyìí dé òkúta báyìí. Ibẹ̀ ni ẹja tó máa bí òmíràn ń sá pamọ́ sí tí omi bá fà. Lẹ́yìn náà ẹ mú àsìkò kan. Àwọn apẹja yín mọ èyí jù mí lọ: tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ tí odò bẹ̀rẹ̀ sí í kún, àrọ̀ máa ń jáde kúrò nínú odò lọ sínú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, ibẹ̀ ló ti ń yé ẹyin. Ikùn ẹ̀ kún, omi ò jìn, ọwọ́ lásán àti àdá lèèyàn fi ń pa á, àwọn ọmọdé pàápàá ń pa á. Àrọ̀ kan ṣoṣo lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sínú. Tí ẹ bá lè fọwọ́ kúrò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn nìkan, kí ẹ má sì fi àwọ̀n tí ojú ẹ̀ kéré ju ìka méjì lọ pẹja lọ́dún yẹn, àwọn apẹja á rí ìyàtọ̀ nínú àwọ̀n wọn kí ọdún kejì tó parí. Tí wọ́n bá ti fi ojú ara wọn rí i, wàhálà yín ti dín kù ní ìdajì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lé onígámálíìnì fúnra wọn.

Igbó etí odò wá ńkọ́. Èyí ni àwọn èèyàn máa ń fojú di jù, wọ́n á ní ilẹ̀ tó lọ́ràá jù nìyẹn, kí ló dé tí àwọn ò ní gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ebi ń pani, mi ò ní bá ẹnì kankan jà lórí ẹ̀. Àmọ́ gbòǹgbò igi wọ̀nyẹn ló di bèbè odò mú. Tí wọ́n bá ti ṣán an tán, òjò ọdún kan péré, bèbè á bẹ̀rẹ̀ sí í já sínú omi, iyẹ̀pẹ̀ á bo ibi tí ẹja ń yé ẹyin sí, ibú á kún, omi á fẹ̀, kò ní jìn mọ́, oòrùn á sì máa sè é. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ oko tí wọ́n torí ẹ̀ ṣán igbó náà á ti wọ odò. Wá bi àwọn ìyá tó ń já ewé eéran léèrè. Ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, abẹ́ òjìji igi ńlá níbi tí ilẹ̀ ti tutù ló ti ń ṣe dáadáa, tí igi bá ti lọ, ewé náà lọ. Mo bá ìyá kan pàdé tó ní tẹ́lẹ̀, àárọ̀ lòun máa ń wọlé tóun á sì ti dì ẹrù méjì kí oòrùn tó gun orí, pé ní báyìí òun máa ń rìn títí dé ìlú kejì kóun tó rí ẹrù kan. Ìyá yẹn ò gbọ́ "ìdáàbòbo àyíká" rí láyé ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ọ̀rọ̀ igbó yẹn bíi tiẹ̀ nínú ìpàdé. Tí ẹ bá ṣe ìgbìmọ̀ tí kò sí obìnrin nínú ẹ̀, ẹ ti fi ìdajì àwọn tó ń wọ igbó yẹn lójoojúmọ́ sílẹ̀ níta.

Jẹ́ kí n fún ẹ ní àpẹẹrẹ kan tí mo fẹ́ràn gan-an, òkè òkun kọ́, Gánà níbí ni. Ní ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn wọn, níbi tí odò Volta Dúdú ti pààlà pẹ̀lú Burkina Faso, àgbègbè kan wà tó ń jẹ́ Wechiau. Erinmi ṣì wà nínú odò náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ọba àti ìjòyè ibẹ̀ jókòó pẹ̀lú ará ìlú, wọ́n ya bíi kìlómítà 40 sọ́tọ̀ létí odò, wọ́n ní inú ibẹ̀ gan-an, kò sí oko, kò sí ọdẹ. Àwọn ọmọ ìlú ni wọ́n gbà láti máa ṣọ́ ọ. Àwọn àlejò tó ń wá wo erinmi ń sanwó, ìlú sì ń rí i lò. Èyí tó jọ mí lójú jù ni ti àwọn obìnrin: èso òrí tí wọ́n ń ṣà ní agbègbè náà, wọ́n rí àwọn tó ń rà á ní owó tó sàn ju ti ọjà lọ torí pé kò sí oògùn kankan lára ẹ̀. Ọgbà ẹranko Calgary ní Kánádà ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́dún púpọ̀, nígbà tó di 2008 wọ́n gba ẹ̀bùn Equator Prize ti UNDP, àjọ ìdàgbàsókè Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n wo bí nǹkan ṣe tò: ọba àti ìlú ló kọ́kọ́ sọ pé àwọn fẹ́, lẹ́yìn náà ni olùrànlọ́wọ́ wọlé. Tiyín lè má jẹ́ òrí, ó lè jẹ́ ewé eéran yẹn, ó lè jẹ́ oyin, ó lè jẹ́ ìgbín tàbí òyà tí wọ́n ń sìn sílé. Kí nǹkan kan ṣáà wà tí ìlú máa tọ́ka sí pé igbó yìí ló fún wa.

O ò béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, àmọ́ ó máa dé bá yín, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ ti múra. Láyé àtijọ́ èèwọ̀ ló ń ṣọ́ odò. Lónìí pásítọ̀ kan á ní òun ò bẹ̀rù òrìṣà odò, àfáà kan náà á sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ ìjọ á sì wọ ibẹ̀ lọ gé igi kó lè fi hàn pé òótọ́ lòun gbàgbọ́. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Boabeng àti Fiema, ìlú méjì ní àárín gbùngbùn Gánà tí ọ̀bọ ń gbé inú igbó wọn, tí wọ́n kà sí ọmọ òrìṣà. Àwọn ọmọ ìjọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọ̀bọ yẹn. Ohun tí ìlú ṣe ni pé wọ́n bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ ọ́ di òfin ní 1975 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ọ̀bọ níbẹ̀, òrìṣà tàbí kì í ṣe òrìṣà. Títí dòní edun àti ọ̀bọ wà níbẹ̀, tí ọ̀kan bá kú wọ́n ń sin ín. Nítorí náà ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ méjì. Kí àwọn olórìṣà tọ́jú ojúbọ wọn, ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o, àwọn ló ṣọ́ ibẹ̀ di òní. Kí pásítọ̀ àti ìmáàmù náà wà nínú ìgbìmọ̀, kí wọ́n máa kéde àsìkò tí a kì í pẹja láti orí pẹpẹ àti nínú mọ́ṣáláṣí. Omi tí ìjọ ń mu náà ló ń dàrú.

Lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ńkọ́, ìjọba wọn gbé ìwé àṣẹ jáde ní 2012 tó fún àwọn igbó mímọ́ ní ipò lábẹ́ òfin, nísàlẹ̀ odò Mono lẹ́bàá òkun níbẹ̀, wọ́n fi Zàngbétò, egúngún tó ń ṣọ́ ìlú lóru, sí ìdí àwọn igi inú omi iyọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa gé e. Ará Àgbádárìgì tó ń ka èyí mọ ohun tí mò ń sọ, kò sẹ́ni tó ń bá Zàngbétò jiyàn.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ìwé. Ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ ní Yorùbá, ojú ìwé kan tàbí méjì, kí Baálẹ̀, Olúọdẹ, olórí apẹja, Ìyálọ́jà, pásítọ̀ àti ìmáàmù tẹ̀ ẹ́ ní ọwọ́ tàbí kí wọ́n fọwọ́ sí i, kó sọ ààlà, kó sọ àsìkò, kó sọ ìtanràn, kó sì sọ ibi tí owó ìtanràn ń lọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì gidi gan-an, mo ti rí ìgbìmọ̀ tó tú ká lórí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n sọ ọ́ di òfin wọn, kẹ́ ẹ sì fún ọ́fíìsì àwọn aṣọ́gbó ìpínlẹ̀ ní ẹ̀dà kan. Kọ́kọ́ wádìí bóyá ilẹ̀ yẹn wà nínú igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀, torí tó bá jẹ́ igbó ọba ni, ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ ibẹ̀, ìlú ò lè dá ṣòfin, ẹ máa ní láti bá wọn ṣe é pọ̀. Ìgbà tí ìwé yìí bá ti wà, tí ìlú ti mọ̀ ọ́n, tí ẹnì kan láti ìta wá gbé ẹ́ńjìn wọlé wá gé igi, ìgbà yẹn lẹ lè pe ọlọ́pàá, ẹ̀yìn yín á sì kún.

Èyí tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni òkè odò. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tan ara yín jẹ: ẹ lè ṣe gbogbo ohun tí mo sọ yìí kí omi sì tún yí dà. Gbogbo wa la rí bí Ọ̀ṣun fúnra ẹ̀ ṣe pọ́n bí omi amọ̀ láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn torí àwọn tó ń wa góòlù ní ìhà Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀ sínú àwọn odò kéékèèké tó ń bọ́ sínú ẹ̀. Igbó Òṣogbo wà lábẹ́ UNESCO, ìyẹn ò dá amọ̀ dúró. Àwọn awakùsà kan tún máa ń lo mẹ́kúrì láti kó góòlù jọ, ìyẹn sì ń wọ inú ẹja. Ọ̀rọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, àmọ́ òfin ìwakùsà ti 2007 sọ pé ilé iṣẹ́ tó gbàwé àṣẹ gbọ́dọ̀ bá ìlú tó fẹ́ wakùsà níbẹ̀ ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìgbìmọ̀ kan sì wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń rí sí ohun àlùmọ́ọ́nì àti àyíká. Ìlú kan ṣoṣo ò lè dá kojú ẹ̀. Ẹ mọ àwọn ìlú tó wà lókè yín àti nísàlẹ̀ yín, marùn-ún, mẹ́fà, kí Baálẹ̀ wọn àti tiyín jọ jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kí àwọn ọ̀dọ́ ní WhatsApp kan tí wọ́n á fi máa ké sí ara wọn tí omi bá yí àwọ̀. Lẹ́tà tí Baálẹ̀ mẹ́fà fọwọ́ sí wúwo lórí tábìlì.

Àwọn àgbẹ̀ máa bi yín pé ọ̀bọ tó ń jẹ àgbàdo àwọn ńkọ́, tó ń já kòkó. Ẹ má sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ó ń ṣe. Ẹni tó pàdánù ìlà àgbàdo mẹ́rin ti pàdánù owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni kí oko tó bá súnmọ́ igbó jù gbin ata tàbí nǹkan tí ọ̀bọ kì í fẹ́, kí àgbàdo jìnnà sí igbó, kí ìgbìmọ̀ sì ní ètò àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń lọ ṣọ́ oko lọ́sẹ̀ méjì tí àgbàdo bá ń gbó, kí àgbẹ̀ mọ̀ pé ìlú ò fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bọ. Irú ọ̀bọ kan wà lágbègbè wa tí irun ọ̀fun ẹ̀ funfun, kò sí níbòmíràn láyé àfi Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Bí tiyín bá ní i, kí ẹ mọ̀ pé nǹkan tí gbogbo ayé ń wá ló wà lẹ́yìn ilé ìwé yín yẹn.

Ohun tó kù, kí ìwọ tó o jẹ́ akọ̀wé ra ìwé ńlá kan. Kí ó máa wà lọ́dọ̀ ẹnì kan tí ọjọ́ orí ẹ̀ ò pọ̀ tó sì mọ̀wé. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn ọdẹ méjì rìn ọ̀nà kan náà ní àárọ̀ kùtù, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí: ọ̀bọ mélòó, ipasẹ̀ ìgalà tàbí ẹtu, àtíòro ń ké lápá ibo, ìbọn dún àbí kò dún. Kí apẹja méjì máa sọ ohun tí àwọ̀n wọn kó. Ẹ fi fọ́ọ̀nù ya bèbè odò láti ojú kan náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìwé yẹn ni ẹ máa gbé síwájú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ìyẹn ni wọ́n máa fi mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Àmọ́ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí akíka tàbí ibi tí odídẹrẹ́ ń yé sí, ẹ má gbé fọ́tò ẹ̀ àti ibi tó wà sórí Facebook. Àwọn tó ń ra ìpẹ́ akíka ń wo Facebook náà. Akíka kì í sábà bí ju ọ̀kan lọ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n bá kó méjì nínú igbó kékeré bíi tiyín, ó lè jẹ́ òpin ẹ̀ nìyẹn. Láti ọdún 2017 CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títà ẹranko igbó, ti fòfin de títà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn pátápátá, Nàìjíríà sì ní òfin tiẹ̀ lórí àwọn ẹranko tó ń tán lọ láti 1985, tí wọ́n tún ṣe ní 2016, ẹ fi èyí sí etí àwọn ọdẹ yín kó má di pé àlejò kan fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ti ọmọ wọn sẹ́wọ̀n.

Báyìí, kó o tó dáhùn mi, tó o bá ti kí Baálẹ̀ tán, lọ sí ilé Olúọdẹ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, nírọ̀lẹ́ nígbà tó bá ti jẹun. Mú obì dání. Má sọ̀rọ̀ òfin, béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ ibi tí ọ̀nì máa ń sá oòrùn nígbà tó wà lọ́mọdé, kó o sì fetí sílẹ̀ títí á fi sọ tán. Ohun tó bá sọ, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n gan-an, ibẹ̀ la ó ti mọ ibú tí ẹ máa kọ́kọ́ mú.